Ọ̀pá Kejì ní Kettlebeck

Ẹ má bi mí bóyá mo mutí. Tíì ni mo mu, ife mẹ́ta, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Ọ̀gbẹ́ni Entwistle.

Entwistle ni olùdánwò àwọn awakọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ayẹyẹ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wa ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun náà sì ni ìkẹyìn. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, ó di ilé tíì nìyẹn, kí n máa gé kéèkì lábẹ́ àṣẹ Doreen, ìyàwó mi. Ẹ ò mọ Doreen ni.

Láti Kettlebeck lọ, ojú irin kan ṣoṣo ni alọ àtàbọ̀ ń lò. Kí ọkọ̀ méjì má baà kọlu ara wọn, ọ̀pá kan ló wà, onídẹ lórí. Ẹni tó bá mú un dání nìkan ló lè wọ ojú irin náà. Tó bá jáde, á dá a pa dà.

A dé Kettlebeck, mo dúró. Maureen, tó ń darí àmì, tó sì máa ń na ọ̀pá sí wa lójú fèrèsé ilé iṣẹ́ rẹ̀, kò yọjú. Apá àmì tó wà lókè sì wálẹ̀, pé ká máa lọ. Entwistle wo aago. Ó ní a ti pẹ́, kí ni mo tún ń dúró dè.

"Ọ̀pá, sà."

"Àmì ti wálẹ̀, Clifford."

"Mo rí i, sà. Ọ̀pá ni mi ò rí."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Mo ti ń gbọ́ òórùn kéèkì.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹyẹ dákẹ́. Ẹ̀ńjìnnì mi náà dákẹ́, iná sì ń jó nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Nǹkan kan ń bọ̀ níwájú, láti ojú irin kan ṣoṣo yẹn, ó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀. A ò rí nǹkan kan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Atẹ́gùn gbígbóná ṣí fìlà lórí Entwistle. Nǹkan líle kan gbá mi láyà, mo dì í mú. Ọ̀pá ni. Ó gbóná.

Igba èèyàn tó wá wo ayẹyẹ ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ rò pé wọ́n sá? Àríyànjiyàn ni. Bàbá kan ní ìró ẹ̀ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́ta lòun gbọ́. Èkejì ní etí rẹ̀ ti di, méjì ni. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ̀yá ìjà. Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè pé ọkọ̀ náà dà. Wọ́n ní kó panu mọ́, àlejò ni.

Maureen yọjú, ó na ọ̀pá. "Ẹ máà bínú, mo ń po tíì ni." Ó búra pé òun ò fọwọ́ kan àmì.

Entwistle wo ọ̀pá ọwọ́ Maureen, ó wo tèmi. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó rọra bi mí ohun tí ìwé ìlànà ní kéèyàn ṣe tó bá ní ọ̀pá méjì. Mo ní kò sọ. Ó ní kí n fi ọ̀kan pamọ́ nígbà náà. Ó buwọ́ lùwé: mo yege.

Doreen nu ọ̀pá náà, ó fi ń ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Kò tíì tutù.

Àmọ́ láti ìgbà náà, tí mo bá dé Kettlebeck, ọwọ́ méjì ló ń yọ lójú fèrèsé. Ti Maureen mú ọ̀pá dání. Èkejì, tí bọ́tìnnì idẹ wà létí apá aṣọ rẹ̀ bíi ti awakọ̀ ojú irin àtijọ́, ṣófo. Ó fẹ́ gba tirẹ̀.

Doreen ní kí n dá a pa dà, ohun olóhun ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà sọ eléyìí kedere: tí ọ̀pá bá ti pa dà, ọkọ̀ tó kàn lè máa bọ̀. Èmi ni mo sì máa wà lójú irin náà lọ́jọ́ Sátidé.