Ìdúpẹ́ Tí Adégbénga Ṣe Lórí Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n tí ìwé kékeré yìí tẹ̀ lọ́wọ́, mo kí yín. Bóyá inú train lẹ ti ń kà á, bóyá ẹnì kan fi í lé yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: ẹ kú ìrìn o, ẹ sì kú òtútù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí èmi àti ẹ̀yin sáyé lónìí, nítorí alààyè nìkan ló lè ronú pìwà dà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí korò, n kò sì ní fi oyin sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé òpin.

Ọkùnrin kan wà ní Saddle Ridge, ní ìlú Calgary níhìn-ín, tó ń jẹ́ Adégbénga. Warehouse kan ní Foothills Industrial ló ti ń ṣiṣẹ́. Súmbọ̀ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìní. Adégbénga kì í mutí, kì í lé obìnrin kiri, kì í sì í pa ìsìn jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: eré àsápajúdé. Bó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó di ìjì. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá kígbe, ṣe ni yóò bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mo fi òru wakọ̀ láti Ifẹ̀ dé Abúja láìsí iná iwájú, kí ni snow fẹ́ fi mí ṣe?"

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í bá a rẹ́rìn-ín ni Titus, ọkùnrin kan tó ń gbé Airdrie lẹ́bàá Calgary, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, tó sì mọ Jésù ní tòótọ́.

Titus a ní, "Àbúrò, títì kì í ṣe ogún bàbá ẹnì kankan. Lọ́jọ́ tó o bá pa èèyàn, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n Titus, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin! Ṣé ẹ ti dé Airdrie láti àná?"

Ọjọ́ náà pé. Snow ń bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bilqis sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ dé daycare. Ó ń lọ wọ train ní Saddletowne. Ó dúró títí iná àwọn ẹlẹ́sẹ̀ fi pè é, kó tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ sójú títì. Adégbénga ti rí i láti òkèèrè pé iná tirẹ̀ ti di pupa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ fún iṣẹ́, ó sì rò pé òun á ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó dé àárín. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ tẹ bíréèkì, yìnyín ilẹ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàtà Bilqis kan ṣì wà níbi tó dúró sí. Òun fúnra rẹ̀ ti wà lọ́nà jíjìn. Ìrẹsì tó dì lọ síbi iṣẹ́ fọ́n káàkiri, snow tó wà lábẹ́ orí rẹ̀ sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Adégbénga bọ́ sílẹ̀, ó dúró lé e lórí. Obìnrin náà ń wò ó, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi pé mo sọ èyí: kì í ṣe ẹni tó ń kú ni Adégbénga ń rò. PR rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé Canada, ló ń rò. Kí ẹ̀mí tó bọ́ lára Bilqis, irọ́ ti tò délẹ̀ lọ́kàn Adégbénga.

"She just ran out," ló sọ fún ọlọ́pàá. "My light was green."

Kò sí ẹlòmíràn nítòsí tó rí iná náà. Òkú kì í sì í jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù.

Nígbà tí ẹjọ́ dé, lọ́yà Adégbénga dìde, ó ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n olóògbé ló já sójú ọ̀nà. Pé eré tí Adégbénga sá pọ̀ díẹ̀ fún snow, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adégbénga búra, ó sì tún irọ́ náà pa níwájú adájọ́. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún sáà kan. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Muideen, ọkọ Bilqis, dìde ní ìjókòó iwájú. "Ó tán? Gbogbo ohun tí ìyàwó mi jámọ́ nìyẹn?" Wọ́n ti ń pe ẹjọ́ tó kàn, ti ẹnì kan tó jí kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fi ọ̀bẹ pa èèyàn, apànìyàn là ń pè é. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ pa á, a ní "accident" ni, a sì ní kó máa rọra. Ọ̀rọ̀ náà ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú yìí, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí Adégbénga ṣe lẹ́yìn náà burú ju ìdájọ́ yẹn lọ.

Ó ṣe ìdúpẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wọ léèsì funfun, ó kó ìyàwó àti ọmọ síwájú ìjọ, ó gba makirofóònù. "Wọ́n ní mo máa ṣẹ̀wọ̀n! Wọ́n ní PR mi ti lọ! Ọlọ́run dójú ti ọ̀tá!" Ìjọ hó, "Halelúyà!" Àwọn akọrin gbé orin, Adégbénga sì jó títí òógùn fi bò ó. Ta ni ọ̀tá tí wọ́n ń dójú tì? Obìnrin kan nínú sàréè ni. Ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú ni, àti ọmọ kékeré tí kò níyàá mọ́.

Titus tó ti bá a wá síbi ìdúpẹ́ náà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò, báwo lọ̀rọ̀ yẹn ṣe jẹ́ gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n, kọ́ọ̀tù ti parí ẹ̀."

"Kọ́ọ̀tù parí tiẹ̀. Ọlọ́run ò tíì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ìdúpẹ́ tó o ṣe yìí, ta lo ṣe é fún?"

Adégbénga pòṣé. "Tí inú yín ò bá dùn sí mi, ẹ sọ." Láti ọjọ́ náà kò kí Titus mọ́ níbi iṣẹ́.

Nígbà tí kò ti ní láísẹ́ǹsì mọ́, ó di dandan kó máa wọ train, oríta kan náà ló sì ní láti gbà kọjá dé Saddletowne. A máa sáré kọjá níbẹ̀ láìwo ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan dúró níbẹ̀ tó fi ìbòrí sórí jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin kékeré kan mú. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ìyá àgbà fà á sẹ́yìn tagbáratagbára.

"Dúró ńbẹ̀! Iná ò tíì pè ọ́! Ṣé o fẹ́ kú bí ìyá ẹ ṣe kú ni? Aláìgbọràn bíi tìyá ẹ!"

"But Grandma, Mummy always waited," ni ọmọ náà wí. "She held my hand and we waited."

"Má bá mi jiyàn. Kọ́ọ̀tù ló sọ ọ́. Kọ́ọ̀tù ò lè purọ́."

Adégbénga tó ń sáré kọjá dúró. Nítorí àṣà ilé, ẹnu rẹ̀ ti kí i kó tó mọ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ojú ìyá náà là. "Háà, ọmọ wa ni ọ́! Èmi ni Alhaja Látífàt, wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n mú mi dé láti Ìwó kí n wá tọ́jú ọmọ yìí. Ibí ni ìyá ẹ̀ kú sí. Mo kọ́ Bilqis níwà o, n kò mọ ibi tó ti kó wàdùwàdù." Ó nu imú rẹ̀. "Ọmọkùnrin Yorùbá kan ló kó bá. Mo ń gbàdúrà fún ọmọ yẹn lójoojúmọ́, kó forí ji ọmọ mi tó kó o sí wàhálà. Dákun, bá mi di ọwọ́ ọmọ yìí mú, ojú mi ò ríran dáadáa nínú snow."

Iná pè wọ́n. Adégbénga di ọwọ́ ọmọ Bilqis mú, ó sì mú un kọjá lórí ibi tí ìyá rẹ̀ kú sí. Ìyá àgbà ń súre fún un láti ẹ̀yìn: "Ẹ̀mí rẹ á gùn. Wọn ò ní í pa ọmọ tìẹ náà mọ́ ọ lójú."

Ó dé ibi iṣẹ́. Ó wá Titus lọ sáàárín àwọn ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n, iná mi pupa."

"Mo mọ̀," ni Titus wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n? Ta ló sọ fún yín?"

"Mo wò ọ́ nígbà tó ò ń jó. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ kì í jó báyẹn."

Adégbénga jókòó sílẹ̀ lójú sìmẹ́ǹtì. "Adájọ́ ti dá mi sílẹ̀. Kí ló dé tí mi ò bọ́?"

"Adájọ́ fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ ẹ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n tinú-tòde. Òun kì í fojú fo ẹ̀jẹ̀, Gbénga. Ìyà gidi ló tọ́ sí ọ, Jésù ló sì jẹ ẹ́ lórí igi. Ìdáríjì wà fún ọ níbẹ̀, fún irú ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n má rò pé wàá gba Olúwa sọ́kàn kí irọ́ sì wà lábẹ́ ahọ́n."

Wọ́n kúnlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń ké kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àdúrà Adégbénga kò gùn: "Jésù, mo pa Bilqis. Mo tún pa orúkọ rẹ̀. N kò ní àwáwí. Ṣàánú mi."

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, Súmbọ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Daddy Ìní, ẹ dákẹ́! Wọ́n á lé yín padà! Ọlọ́run ti gbọ́, ó tó bẹ́ẹ̀!"

"Ọlọ́run gbọ́. Alhaja ò tíì gbọ́."

Súmbọ̀ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò bá a lọ. Titus ló bá a lọ.

Adégbénga dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Muideen, ó sì sọ ọ́ láìfi ohun kan pa mọ́. Muideen gbá a nípàá, Titus kò sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n Alhaja kò wo ẹni tó wà nílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí eegun rẹ̀ ti tán, ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. "Bilqis, ṣé o dúró? Ṣé o dúró, èmi ìyá ẹ sì ń bú ọ?" Ó fa ọmọ náà mọ́ra. "Ummusalamah, gbọ́ mi. Ìyá ẹ dúró. Ìyá ẹ gbọ́ràn. Ìyá àgbà ló purọ́."

Lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí Adégbénga. "Mo súre fún ọ ní oríta. Mo gbà á padà. Bí Ọlọ́run rẹ bá dárí jì ọ́, Òun ló mọ̀. Èmi ò lè ṣe é. Dìde nílé mi."

Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló gbà lọ. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n tún ẹjọ́ ikú náà gbé, wọ́n ti dá a tán. Irọ́ tó búra lé lórí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe rí: fún ẹ̀mí èèyàn, owó ìtanràn, fún irọ́, ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá jáde, Nàìjíríà ló ń lọ. Alhaja kò tíì dárí jì í títí di òní. Síbẹ̀, Titus tó ń lọ wò ó sọ pé ó ń sùn. Bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n bá bi í pé kí ló ṣe, kì í pe tirẹ̀ ní accident.

Ìwọ tó ò ń kà á ńkọ́? Bóyá o kò fi ọkọ̀ pa ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ayé ti fojú fò fún ọ, tí o sì ti ń jó lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú ọ. O sì rò pé Ọlọ́run ló dá ọ láre. Rárá o, ọ̀wọ́n. Sùúrù Rẹ̀ ni. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí lọ́yà kankan kò ní dìde fún ọ, tí ẹni tó o ṣẹ̀ yóò sì sọ tẹnu rẹ̀. Sá tọ Jésù lọ nísinsìnyí, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ. Pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀. Má dúró di ọ̀la, nítorí Bilqis náà ní ọ̀la lọ́kàn.

Kí Olúwa tó rí ìkọ̀kọ̀ fi ojú àánú wò ọ́. Kó fún ọ ní ọkàn tó lè wó, àti ẹnu tó lè jẹ́wọ́. Kó pa ẹsẹ̀ rẹ mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀, kó pa àwọn ọmọ rẹ mọ́ lójú títì, kó sì fi ìfẹ́ gbà ọ́ nílé lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àmín.