Máàkì Kareemat

"Ọgọ́rin ni mo gbà, sà! Ta ló sọ ọ́ di ọgọ́ta?"

Kareemat ò mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ ròkè. Òun ló ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé náà ní Ṣàgámù. Ẹni tí kò bá sì ní àádọ́rin lópin ọdún kò lè rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí òun ń lé gbà.

Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí, olùkọ́ ìṣirò, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni mo fún ẹ ní ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n ìdánwò àpapọ̀ tí ẹ̀yin àti àwọn ilé ìwé yòókù jọ ṣe ni wọ́n fi ń díwọ̀n máàkì tí mo bá fún yín. Bí kíláàsì bá ṣe dáadáa níbẹ̀, máàkì gbogbo yín á gòkè. Ẹ fìdí rẹmi, ni wọ́n bá gé e."

"Tèmi náà, sà?"

"Tìẹ náà."

Kareemat wo Fikáyọ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó. Ọmọ yìí ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ṣàlàyé ìṣirò fún òun, àmọ́ ṣe ni Kareemat fi apá bo ìwé rẹ̀. Lójú tiẹ̀, bí àwọn yòókù bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni òun á ṣe máa ga.

Nírọ̀lẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ ń ṣa obì. "Yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí Alájì Hàrúnà tó ń ra obì lọ́wọ́ wa bá ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, tó bá kan ẹyọ kan péré tó bàjẹ́, owó gbogbo agbọ̀n ló máa gé."

Ọwọ́ Kareemat dúró. Kíláàsì wọn gan-an nìyí! Àmọ́ Fikáyọ̀ kì í ṣe obì téèyàn á ṣà dànù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Fikáyọ̀ wá sílé àwọn. Fikáyọ̀ mú ẹlòmíì wá, ẹlòmíì mú ẹlòmíì wá, títí ilé obì fi kún. Wọ́n ń bá wọn ṣa obì, Kareemat ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fi ìṣirò jẹ obì mi tán o!" ni ìyá rẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí èsì ìparí ọdún jáde, ọgọ́rin náà ni Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí tún fún Kareemat. Ṣùgbọ́n kíláàsì ti ṣe dáadáa nínú ìdánwò àpapọ̀ lọ́tẹ̀ yìí; lẹ́yìn tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, ó ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Fikáyọ̀ fò sókè, ó dì mọ́ ọn.

Kareemat ń wo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ káàkiri bí ẹni tí kò rí wọn rí. Àwọn tí òun ti fi ìwé pamọ́ fún ló gbé máàkì òun ga báyìí! Ó wá yé e pé kò sígbà kankan tí máàkì rẹ̀ jẹ́ tòun nìkan, àti pé gbogbo ohun tó fi kọ́ wọn, ara rẹ̀ ló ń ṣe é fún.