Ọwọ́ Tó Bo Nọ́ńbà

Ọwọ́ wà nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn.

Mo ti wo fọ́tò mọ́tò títà ní ọdún náà títí mo fi mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn tó ń ta mọ́tò ń gbà bo nọ́ńbà. Àwọn kan á lẹ bébà mọ́ ọn. Àwọn kan á fi páálí dí i. Àwọn mìíràn á ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, a ó sì rí apá onítọ̀hún, a ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà. Ọwọ́ tèmi yìí yàtọ̀. Abẹ́ mọ́tò ló ti yọ, ó gba abẹ́ bọ́ńpà gòkè, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lé nọ́ńbà Toyota aláwọ̀ eérú kan, bí ẹni ń bo ẹnu ọmọ tó fẹ́ sunkún. Kò sí ibi tí ara tó ni ọwọ́ náà lè wà, àfi bó bá wà nínú ilẹ̀.

Mo fẹ fọ́tò náà tóbi lójú fóònù. Mo rí ẹnu apá ẹ̀wù funfun kan. Mo rí bọ́tìnnì kan lẹ́nu apá náà, kì í ṣe funfun bí ẹ̀wù, búlúù ni, etí rẹ̀ sì ká bí òdòdó.

Mo mọ bọ́tìnnì náà.

Ìgbà tí owó oṣù dá dúró ni. Bàbá mi, Adébùsóyè, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, Òǹdó ni ilé wa. Gbogbo ìgbà ni ìjọba ń pe àwọn òṣìṣẹ́ fún ìyẹ̀wò. Wọ́n á lọ fi ojú hàn, wọ́n á padà wálé, owó ò ní dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó fẹ́ jáde lọ, bọ́tìnnì ẹnu apá ẹ̀wù rẹ̀ já bọ́, a wá a tì. Ìyá mi, Ìbídùnní, mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ọ̀kan lára bọ́tìnnì búláòsì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ẹ̀wù náà níbi tí bàbá mi dúró sí.

Bàbá mi ní, "Ìbídùn, wọn kì í rán aṣọ mọ́ ènìyàn lára."

"Ẹ bọ́ ọ nígbà náà, kí ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ síwájú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé kí ni yóò wá fi dé búláòsì tirẹ̀. Ìyá mi ní píìnì wà. Bàbá mi wo àyà búláòsì náà pẹ́ díẹ̀, ibi tí òwú ti yọ ráúráú. Ó ní, "N ó ra irú rẹ̀ bọ̀ fún ọ." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, Toyota aláwọ̀ eérú, ó lọ. A ò rí i mọ́, a ò rí mọ́tò.

A wá a títí. Fóònù rẹ̀ kò wọlé. Àwọn ọlọ́pàá ní bí a bá rí mọ́tò, a máa rí ẹni tó wà á. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, tí n kò ní iṣẹ́, tí ojú sì máa ń tì mí láti bá àlejò sọ̀rọ̀, ohun tí mo lè ṣe kò ju kí n máa wo fọ́tò mọ́tò títà lórí Fesibúùkù lọ. Ṣùgbọ́n Toyota aláwọ̀ eérú pọ̀ ní Àkúrẹ́ bí ewúrẹ́, gbogbo wọn ló sì bo ojú.

Mo gbé fóònù lọ fún ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Màmi, ẹ wo ọwọ́ yìí."

Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó gba fóònù. "Ọwọ́ wo? Aṣọ funfun ni mo rí. Wọ́n fi aṣọ bo nọ́ńbà."

"Ọwọ́ ni, Màmi. Bọ́tìnnì búlúù wà lẹ́nu apá rẹ̀. Etí rẹ̀ ká bí òdòdó."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà, sí ibi tí píìnì búláòsì náà máa ń wà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọlé lọ wọ búláòsì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó mú gèlè. Ẹ̀gẹ́ náà wà nílẹ̀ ní ìdajì bíbó nígbà tí a jáde.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tí a kọjá afárá Òwẹnà, ìyá mi ní kí n tún fi fọ́tò náà han òun. Ó wò ó, ó dá a padà. Aṣọ ṣì ni lójú tirẹ̀.

Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé ni ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò náà wà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò. Lawrence ni orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi kànrìnkàn nu dígí nígbà tí a dé. Àwọn mọ́tò tò sí ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ló wọ àpò aṣọ funfun kékeré sí nọ́ńbà, bí ìgbà tí a bá wọ àpò fún ìrọ̀rí. Ìyàwó rẹ̀ ló rán wọn, ó fi rọ́bà sí ẹnu wọn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn.

Ìyá mi kí i, ó bèèrè Toyota aláwọ̀ eérú.

"Ẹ fẹ́ rà á ni, Màmá?"

"Mo fẹ́ wo nọ́ńbà rẹ̀."

Lawrence rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ló ń wò. A kì í ṣí nọ́ńbà níbí. Àwọn olè á rí i, wọ́n á kọ irú rẹ̀ sára mọ́tò jíjí."

"Mi ò jí mọ́tò rí láyé mi."

Ó wo píìnì àyà ìyá mi, ó wo bàtà mi. Ó gbé kànrìnkàn sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ti olè yẹn, ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà ni. Ẹ wò ó, Màmá, òṣìṣẹ́ ìjọba ló ni púpọ̀ nínú mọ́tò wọ̀nyí. Nọ́ńbà mọ́tò, ojú onímọ́tò ni. Bí mo bá ṣí i, àna rẹ̀ á rí i, onílé rẹ̀ á rí i, àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì á rí i. Wọ́n á mọ̀ pé ebi ti wọlé. Àṣírí wọn ni mo ń bò."

"Ẹni tó ni eléérú yìí náà bẹ̀ yín kí ẹ bo tirẹ̀?"

"Ó bẹ̀ mí ju gbogbo wọn lọ. Johnson ló ní òun ń jẹ́. Ó ní ìyàwó òun kò gbọ́dọ̀ rí i, kí ó kọ́kọ́ rí oúnjẹ nílé kó tó gbọ́ pé mọ́tò ti lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀, ó ní òun á dọ́gbọ́n mú ìwé rẹ̀ wá láti ilé. Ó ní òun fẹ́ yà sí Ọjà Ọba. Kò padà wá."

"Ẹ ò sì wá a?"

"Johnson wo ni mo fẹ́ wá? Mọ́tò tí kò níwèé ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá lọ bá ọlọ́pàá, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Mo kàn ń gbé fọ́tò rẹ̀ jáde ni, bóyá onítọ̀hún á rí i, á rántí wa."

Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn, ó ká tapólì kúrò, ó fa àpò aṣọ náà yọ. Nọ́ńbà wa ni. Ọ̀dà ti bó lára òǹkà tó gbẹ̀yìn, níbi tí mo gbá bọ́ọ̀lù lù nígbà kan. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó mọ́. Kò sunkún. Lawrence ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò bí ẹni tí kò mọ ohun tó tún lè ṣe, òórùn káfúrà tí bàbá mi máa ń fi sáàárín aṣọ sì jáde sí wa. Mo tẹ́ ọwọ́ lé ìjókòó awakọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni mọ́tò náà wà, oòrùn kò dé ibẹ̀. Ìjókòó náà lọ́wọ́ọ́rọ́.

Mo sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n ya nọ́ńbà náà ní gbangba. Bóyá ẹnìkan rí bàbá mi lọ́jọ́ yẹn."

Lawrence wo ìyá mi nílẹ̀, ó gbà fún mi. Mo dúró síwájú mọ́tò, mo yà á. Lójú lásán, nọ́ńbà náà wà ní gbangba. Nínú fóònù, ọwọ́ náà bò ó.

Lawrence na ọrùn wò ó. Ó ní, "Aṣọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí àpò aṣọ náà níbẹ̀, ó tún wo fóònù. Ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan igi.

Ìyá mi kò bèèrè ohun tí a rí. Ó rìn lórí eékún lọ síwájú mọ́tò, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé nọ́ńbà náà bí ìgbà tí a bá kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ.

"Bàbá Ẹ̀bùn, èmi nìyí. Mo ti rí i. Kò sí ohun tí ẹ ń fi pamọ́ fún mi mọ́. Ẹ gbé ọwọ́ yín, kí ẹni tó mọ ibi tí ẹ wà lè rí wa."

Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún un yà. Nọ́ńbà náà hàn kedere.

Mo gbé e sórí Fesibúùkù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé à ń wá ẹni tó wa mọ́tò yìí, mo sì fi nọ́ńbà fóònù mi sí i. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí fóònù fi dún. Obìnrin kan ni. Kò kí mi. Ó ní, "Ta ló ṣí nọ́ńbà yìí? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a."

Ìyá Ìtùnú ni wọ́n ń pè é, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí tábìlì, a so pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn, a sì fi ìṣó gbẹ́ nọ́ńbà mọ́tò wa sí i lára. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Ó máa ń bẹ̀rù kí kọ́kọ́rọ́ má sọnù.

Ó fún ìyá mi ní àga, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó wọlé, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní ṣé mo ní irú bọ́tìnnì yìí. Mo ní bàbá, bọ́tìnnì obìnrin nìyí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin ló ni ín, píìnì ni yóò máa fi dé àyà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Mo ní kó jókòó. Ó ní òun á sinmi díẹ̀, nítorí òun kò tíì jẹun. Mo tú agolo bọ́tìnnì mi, mo ń wá a. Mo rí i. Mo ní, 'Bàbá, orí yín bá yín ṣe é.' Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti lọ."

Ìyá mi bèèrè, "Ó lọ síbo?"

Ìyá Ìtùnú di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti lọ, Màmá. Orí àga yìí ni."

Ó ní wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Láàárín èrò tó pé jọ, fóònù rẹ̀ àti àpò ìwé rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kọ́kọ́rọ́ yìí nìkan ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wá, òun àti àwọn obìnrin ìjọ wọn sin ín sí ilẹ̀ ìsìnkú wọn lọ́nà Oda.

"Mo ní ẹni tó bá rí mọ́tò náà yóò fẹ́ tà á. Gbogbo mọ́tò títà ní Àkúrẹ́ ni mo ń wò, mo ń wá nọ́ńbà yìí. Aṣọ ni mo ń rí."

Mo bi í léèrè, mo sì mọ̀ kí ó tó dáhùn. "Ṣé ẹ yọ bọ́tìnnì búlúù yẹn kí ẹ tó sin ín?"

"Rárá. Mo jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ. Ti Màmá nìyí." Ó na èkejì sí ìyá mi. Etí rẹ̀ ká bí òdòdó.

Lawrence fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò náà wá sí Òǹdó fún wa, kò bo nọ́ńbà rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń fi aṣọ bo ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láìbi í pé, "Bí o kò bá padà, ta ni kí n pè?"

Nígbà tí òjò dá, a gbé pátákó kan lọ sí ọ̀nà Oda, orúkọ bàbá mi ni a kọ sí i, nítorí igi lásán ni wọ́n rì síbẹ̀. Ìyá mi wọ búláòsì náà, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ó ní kí n ya ibojì náà kí àwọn ẹbí lè rí i.

Mo yà á, mo wò ó. Mo fẹ́ pa fọ́tò náà rẹ́ kí n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ìyá mi ti gba fóònù. Ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Òun tó jẹ́ pé aṣọ nìkan ló ń rí láti ọjọ́ yìí wá fi ìka kan gíláàsì fóònù, ní ibi tí bọ́tìnnì náà wà.

Ó ní, "Ẹ̀bùn, ó ń bo orúkọ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ náà yọ láti inú ilẹ̀ pupa, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lé pátákó náà.

Ó kúnlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ebi kọ́ ni ìtìjú. Ó ní kò sí ẹni tó ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n wo àyà òun, pé bọ́tìnnì náà ti dé. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má ya òmíràn.

Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń wò ó ní òwúrọ̀, kí n tó bá ìyá mi gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí ibi ìlọ̀. Ọwọ́ náà kò kúrò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn tí ìyá mi ti wọ búláòsì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé ìka àtàńpàkò ti gbéra díẹ̀ kúrò lára pátákó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ bàbá mi ti hàn lábẹ́ rẹ̀.