Òòró àti Ìbú

Inú yàrá ìwọ̀n tí wọ́n ti ń dán áńtẹ́nà wò ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ti kọ́kọ́ pàdé, níbi tí fóòmù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti bo gbogbo ògiri, tó ń gbé ohùn èèyàn mì káló. Ìyà ńlá nìyẹn fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Gbogbo-Ìgbì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí áńtẹ́nà tó fi ọ̀pọ̀ ewé irin tò jọ. Ó ní kò sí ìgbì rédíò, ìbáà gùn, ìbáà kúrú, tí áńtẹ́nà náà kò ní gbọ́.

"Ṣé ìwọ lo máa wọn iṣẹ́ mi?" ló bi ọmọbìnrin tó ń bójú tó yàrá náà.

"Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ má fọwọ́ kan fóòmù o."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Kò pẹ́ tó fi mọ ilé wọn, tí ìyá ọmọbìnrin ń pè é ní àna. Bàbá nìkan ló ní, "Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́, ṣé ó máa ń sinmi ẹnu?"

Ọjọ́ ìwọ̀n pé. Nígbà tí ìgbì dúró lóòró, ìlà ojú ẹ̀rọ, tó ń fi bí áńtẹ́nà ṣe ń gbọ́ ìgbì tó hàn, gòkè fíofío. Ọmọbìnrin yí áńtẹ́nà yàrá náà, èyí tó ń rán ìgbì, sí ẹ̀gbẹ́, kí ìgbì lè sùn ní ìbú. Ìlà já wálẹ̀.

"Ọ̀gá, gbogbo ewé yín ló nàró. Wọn ò gbọ́ ti ìbú rárá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Olólùfẹ́ mi, kọ ti òòró nìkan. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Torí tèmi ńkọ́?"

"Tí mo bá purọ́ torí yín lónìí, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ lọ́la?"

Inú bí i. Ó gbé áńtẹ́nà rẹ̀ lọ, kò sì yọjú sílé wọn mọ́.

"Ṣé torí irin lo ṣe lé ọkọ lọ?" ni ìyá ń kùn. Ọmọbìnrin sunkún, àmọ́ kò yí ìwọ̀n náà padà.

Nígbà tí Gbogbo-Ìgbì padà dé yàrá ìwọ̀n, ó ti rù díẹ̀. Ewé áńtẹ́nà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti di méjì tó dábùú ara wọn, ọ̀kan dúró, ọ̀kan sùn.

Ọmọbìnrin wọ̀n ọ́n. Òòró gòkè. Ìbú gòkè bá a.

"Mo ṣìṣe," ló wí, jẹ́ẹ́. Fóòmù fẹ́ gbé e mì, àmọ́ ọmọbìnrin ti gbọ́. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ ná."

"Ìbéèrè mi?"

"Ìwọ̀n yín. Ti ìbéèrè, mo ti gbà."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọkọ. Ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

Bàbá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ìyá: "Áà, ó mà ń sinmi ẹnu o!"