Ọ̀rọ̀ Tí Enoch Thackray Gé Kúrú

Láyé àwọn bàbá bàbá wa, kò sí ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta ibojì bí Enoch Thackray ní gbogbo abúlé ẹ̀bá odò Wharfe, níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí ni. Ọtí ló fi ń fọnu láàárọ̀.

Amos Lund, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ òkúta, kìlọ̀ fún un títí. Ó ní kó wá sọ́dọ̀ Jésù. Ẹ̀rín ni Enoch máa ń fi í rín.

"Àbúrò, máa ṣáájú. Tó o bá débẹ̀, gba àyè sílẹ̀ dè mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo ilẹ̀, wọ́n fẹ́ fi okùn gbé òkúta ńlá kan sókè. Enoch ló so okùn náà, ọtí sì ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Okùn tú. Òkúta já lu Amos láyà. Kò kú bọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lójú títì ń gbọ́ ìkérora rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bi Enoch léèrè, ó ní okùn ló gbó. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ bá a kẹ́dùn. Láti ìgbà náà, oorun kọ̀ ọ́, àfi tó bá mu àmupara.

Dorcas, opó Amos, wá bẹ̀ ẹ́ kó gbẹ́ òkúta ọkọ òun. Ó ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. "Cleanseth" ni Ìwé Mímọ́ wọn ń pe "ń wẹ̀" yẹn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà kan, bẹ́ẹ̀ ni tolówó tòtòṣì ń sọ ọ́. Nígbà tí à ń wí yìí, ó ti kúrò lẹ́nu ọjà, inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹnu àdúrà ló kù sí.

Enoch gé "th" tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kúrò, ó fi "d" rọ́pò rẹ̀. Ó gbẹ́ "cleansed", ìyẹn ni pé ó ti wẹ̀ tán.

Dorcas wo òkúta náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrú."

"Ìyàwó wa, ta ló ń sọ tàtijọ́ mọ́? Ìtumọ̀ kan náà ni."

"Kì í ṣe ìkan náà. Èyí tẹ́ ẹ kọ yìí ti parí. Tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti ṣiṣẹ́ tán lánàá, kí lẹni tó ṣẹ̀ láàárọ̀ yìí fẹ́ ṣe? Èyí táwọn àgbà ń wí ò tíì dúró. Ó ṣì ń wẹ̀."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Enoch. "Ṣé ó lè wẹ apààyàn? Èmi ni mo so okùn yẹn. Mo ti yó."

Dorcas jókòó sórí òkúta tí wọn ò tíì gbẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò fi ẹ̀gbọ́n pè é mọ́.

"O jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ níbi òkú ọkọ mi. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ìwẹ̀nù yẹn, mi ò ní fún ẹ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ín. Lọ bá Ẹni tó ni ín."

Ó dìde, ó lọ.

Enoch dojúbolẹ̀ nínú eruku òkúta. Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, kò gbọ́ orin. Ó ṣáà ń sunkún pé kí Olúwa wẹ òun. Nígbà tó dìde, ó lọ sọ òtítọ́ níwájú adájọ́.

Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Eruku òkúta tó ti ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ló pa á síbẹ̀. Dorcas kò yọjú sí i rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ṣẹ̀wọ̀n ní kò bèèrè ọtí mọ́, pé ó ń sùn bí ọmọ ọwọ́, àti pé ó ń sọ̀rọ̀ Jésù fún wọn títí ikọ́ fi gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ń kà yìí? Kí lo ṣe tí ẹlòmíràn fi ń jìyà rẹ̀? Irọ́ wo lo pa tí wọ́n gbà gbọ́? Ẹni tó o ṣẹ̀ lè má dárí jì ọ́ títí ikú. Kristi kò lé ẹnikẹ́ni padà.

Má sọ pé ó dọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ tó ń jẹ́ gan-an, kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.