Àmì Méjì Lára Odó Òkúta

Etí ni agbẹ́kùúta náà kọ́kọ́ fi rí i, kó tó fi ojú rí i. Ó jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọbẹ̀ edé tí wọ́n fi omi àgbọn sè wà níwájú rẹ̀, ló bá ń gbọ́ ìró odó láti ẹ̀yìn ògiri: gbì, gbì, kẹ̀. Kẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó gbé ṣíbí sẹ́nu. Ọdún méjìlá ló ti ń gbẹ́ òkúta ibojì, ó sì mọ ohùn òkúta tó ti sán.

Ó dìde, ó wọ kíṣìnnì lọ. Obìnrin kan tó fi aṣọ funfun di irun ń gún ata, áyù àti ewé tíì nínú odó òkúta, òógùn bò ó níwájú orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Odó yín ti sán."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ kíṣìnnì?"

"Odó yín ló pè mí."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó fẹ́ bínú, ó wá yí odó náà sí ẹ̀gbẹ́. Lóòótọ́, ìlà tín-ín-rín kan wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Nígbà tí agbẹ́kùúta ń padà sídìí tábìlì, ó bi obìnrin tó ń gbé àwo oúnjẹ pé kí ni wọ́n ń pe alásè yẹn. Àwo ń ró, àwọn oníbàárà ń sọ̀rọ̀, obìnrin náà sì ń kánjú. "Olódo," ló wí. Agbẹ́kùúta gbọ́ ọ sí olódó. Ẹni tó ni odó, kí la tún fẹ́ pè é?

Ibi tó ń bí mi nínú nìyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá alásè yìí ló ni ilé oúnjẹ náà. Oúnjẹ Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ń tà. Tábìlì pákó lásán ló wà níbẹ̀, èèyàn lè wọ jíǹsì wá, ṣùgbọ́n ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà kẹ́ ẹ tó sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe ti olówó. Fọ́tò bàbá arúgbó ará Éṣíà kan wà lára ògiri, àǹtí yìí sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé bàbá náà ni ọ̀gá ìdáná. Irọ́ gbuu. Inú férémù tó rà ni fọ́tò náà ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó fi pamọ́ sẹ́yìn ògiri ló ń se gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan láti Táílàǹdì tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò ilé ìwé, olódo ni àǹtí ń pè é, gbogbo òṣìṣẹ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ wọn ni wọ́n ń bú. Ojú ò tì wọ́n.

Agbẹ́kùúta ṣèlérí odó tuntun. Ó ń wá lọ́sàn-án, nígbà tí èrò bá ti dín kù. Lọ́jọ́ kìíní, ó wọn ìbú àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wọ̀n ọ́n.

"Ṣé ọwọ́ mi ti dàgbà láti àná ni?"

"Mo gbàgbé nọ́ńbà yẹn."

"Ìwọ tó ò ń rántí ọjọ́ ikú gbogbo aráàlú?"

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, "ìfẹ́ mi" ni ọkùnrin náà ń pè é. Orúkọ tó gbọ́ lọ́jọ́ náà, ó fi pamọ́ de odó.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́," obìnrin náà sọ fún un. "Kí ẹnì kan jẹ oúnjẹ mi, kó sì mọ̀ pé èmi ni mo sè é."

Àǹtí kò fẹ́ rí ọkùnrin náà sójú. "Agbẹ́kùúta ibojì? Eruku ni wàá máa fọ̀ kúrò lára aṣọ títí ayé."

"Àǹtí mi, ata ni mò ń fọ̀ báyìí."

Lọ́sàn-án Sátidé kan, tí kò sí àga tó ṣófo, agbẹ́kùúta gbé odó tuntun náà dé. Òkúta dúdú tó ń dán ni, ó sì ti gbẹ́ lẹ́tà sí i lára, láìsí àmì ohùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí ibojì: OLODO.

Àǹtí kà á sókè sí olódo, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. "Ẹ wá wò ó. Ọkùnrin rẹ̀ pàápàá ti mọ̀."

Alásè jáde, ó ka ohun tó wà lára odó. Kò pariwo.

"Ìwọ náà?" ló wí. "Gbé e kúrò níwájú mi." Ó padà sí kíṣìnnì.

Agbẹ́kùúta dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Obìnrin tó ń gbé àwo ló sún mọ́ ọn. "Olódo ni mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà. Bí àǹtí ṣe ń bú u nìyẹn."

Inú bí i dé orí. Kò lọ sílé. Ó yọ irin àti òòlù nínú àpò rẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn tó ń jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

"Kí lò ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Àmì ni mò ń fi sí i, mà."

Ó fi ọ̀kan sórí O àárín, ó fi èkejì sórí èyí tó kẹ́yìn. Ó wá dìde. "Olódó. Òun ló gún ata tó wà nínú àwo yín, òun ló sì sè é. Bàbá ara ògiri yẹn kò mọ ibí yìí rárá."

Ìyá àgbà kan lára àwọn oníbàárà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

Àǹtí wo fọ́tò náà bí ẹni tó fẹ́ kó bá òun dáhùn. Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí.

"Òótọ́ ni, mà," alásè wí. "Èmi ni."

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọbẹ̀ yìí dùn."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló mú un sunkún.

Àǹtí kò bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, fọ́tò ti kúrò, odó sì ti bọ́ síwájú, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí ẹni tó ń gún un.

"Ó yẹ kó o bi èmi fúnra mi ní orúkọ mi," obìnrin náà sọ fún agbẹ́kùúta.

"Mo jẹ̀bi. Mo tún fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan mìíràn."

Obìnrin náà na ọwọ́ sí i. "Wọ̀n ọ́n. Ìka nìkan lo ò tíì wọ̀n."

Alásè ní kí wọ́n kọ Olódó sábẹ́ orúkọ òun lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Igba ìwé ni atẹ̀wé kó dé, kò sí àmì lórí ìkankan. Ọkọ fò dìde, ó fẹ́ lọ bá a jà. Ìyàwó mú bírò méjì wá.

"Jókòó, ìfẹ́ mi."

Wọ́n jókòó ti odó náà, wọ́n ń mú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin ń fa àmì ti àárín, obìnrin sì ń fa ti ìkẹyìn.