Ojú Ọ̀run Mọ́ ní Pangnirtung

Yìnyín ti bo irùngbọ̀n Lootie nígbà tó já wọ ọ́fíìsì pápákọ̀ òfúrufú Pangnirtung, ìlú kan nílẹ̀ yìnyín, ó fi odidi ẹja dídì há abíyá.

"Ṣé ìwọ lo ò jẹ́ kí bàálù wa gbéra?" ló bi Geela, ọmọge tó ń wo ojú ọjọ́, tó sì ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òfúrufú lórí rédíò.

"Èmi kọ́ ni mo bí kùrukùru. Jókòó jàre, ẹja rẹ ń wò mí."

Láti Pangnirtung dé Qikiqtarjuaq, ìlú Lootie, bàálù kì í lò tó wákàtí kan. Bí ojú ọjọ́ bá gbà ni o! Bí kò bá gbà, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó. Kùrukùru yẹn dá Lootie dúró títí ẹja fi tán, tí ìfẹ́ sì wọlé. Lọ́jọ́ tó ká, ọkàn Geela bàjẹ́ gan-an, síbẹ̀ ó ròyìn pé ojú ọ̀run mọ́.

"O ò tiẹ̀ lè purọ́ díẹ̀ nítorí mi," ni Lootie ráhùn.

"Olólùfẹ́ mi, bí mo bá purọ́ fún ẹni tó wà lókè, irọ́ wo ni mi ò ní pa fún ìwọ tó wà nílé?"

Nígbà tó yá, Lootie ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Ipeelee, bàbá Geela, fàáké kọ́rí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló lọ sílé ọkọ ní Qikiqtarjuaq. Nígbà tó kú, ìjì dá bàálù dúró, wọ́n sì sin ín kí Ipeelee tó débẹ̀. Látọjọ́ náà ló ti búra pé ọmọ òun kò ní gba ọ̀nà yẹn lọ.

Lọ́jọ́ tí Lootie wọ bàálù, bàbá dúró ti ọmọ rẹ̀ lórí. "Sọ fún wọn pé kùrukùru wà."

Geela wò ó lójú, ó tẹ rédíò. "Ojú ọ̀run mọ́ ní Pangnirtung. Ẹ máa bọ̀."

Àfi bíi pé afẹ́fẹ́ ń gbọ́ wọn. Kí bàálù tó yọ, ìjì ti já wálẹ̀ láti orí òkè. Omi lé lójú Geela, àmọ́ òótọ́ náà ló tún sọ: "Ẹ padà." Bàálù sì ṣẹ́rí padà.

"Ṣé o rí i?" ni Ipeelee wí. "Ọ̀run fúnra rẹ̀ ti kọ̀ ọ́."

"Bàálù ló kọ̀, Bàbá. Lootie ò tíì kọ̀."

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìjì kò tíì rọlẹ̀ tán tí alùpùpù yìnyín fi kùn wá sẹ́nu ọ̀nà Ipeelee. Lootie ló sọ̀ kalẹ̀, òtútù ti bó o lójú.

"Ẹ kúulé o, Bàbá. Bàálù ò lè balẹ̀, mo ní kí n kúkú gba àárín òkè wá."

"Nínú ìjì yìí? Orí ẹ dàrú ni?"

"Lọ́jọ́ tí ẹ bá pe ọmọ yín láti ilé mi, bí mo ṣe wá yìí náà ni màá ṣe gbé e wá."

"Màá wá, ìjì ì báà máa jà," ni Geela gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ gbà o, ẹ ò gbà o, Bàbá, èmi àti ọkùnrin yìí ń lọ."

Ipeelee wo alùpùpù tirẹ̀ lójú fèrèsé. Níta níbẹ̀ náà ni alùpùpù yẹn wà lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ kú. Kàkà kí ó gùn ún lọ síbi ìsìnkú, bàálù ló jókòó tó ń dúró dè. Ìtìjú mú un. Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀nà ni? Bí ìjì bá ti rọlẹ̀, èmi ni màá ṣíwájú yín. Mo fẹ́ dé sàréè àbúrò mi kí n tó jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó yín."